Nígbà Tí Bàbá Mi Kò Lọ Sódò Mọ́

Mo rántí ìgbà tí òórùn ẹrẹ̀ jẹ́ òórùn ọjọ́ Sátidé nílé wa. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. A háyà yàrá àti pálọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, bàbá mi sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á so táì mọ́ ọrùn, wọ́n á sì fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́ báyìí, ẹ ò ní mọ̀ pé àwọn náà ni. Wọ́n á máa súfèé káàkiri ilé, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò dúdú tó ga dé orókún, wọ́n á kó ìwọ̀, àwọ̀n àti àdá sínú àpò, wọ́n á sì pariwo pé, "Ẹni tó bá pẹ́, ilé ló máa ṣọ́ o!" Àbúrò mi ọkùnrin á dúró síwájú Fẹ́sípà, alùpùpù bàbá mi, ìyá mi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò lórí itan, èmi á há sáàárín àwọn méjèèjì, ó di ẹ̀yìn Ìgàndò nìyẹn. Àwọn tí a jọ ń gbélé a máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, Ọdẹ Ọ́fíìsì ni wọ́n ń pè wọ́n.

Igbó ṣì pọ̀ lẹ́yìn Ìgàndò nígbà náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó bọ́ sínú àbàtà tí igi ògùrọ̀ pọ̀ sí, kó tó wá kan odò. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti máa ń wọ omi dé ìbàdí, tí wọ́n á máa bá ẹja sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alájọgbélé jà. Ìyá mi á dáná sórí ààrò òkúta mẹ́ta, àwa ọmọ á máa ṣa ìgbín lábẹ́ ewé. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé ọdẹ ni mo máa dà, èmi tó jẹ́ pé bí ìgbín bá ti yọ ìwo rẹ̀ síta lọ́wọ́ mi, màá sọ ọ́ nù, màá sì figbe ta. Bàbá mi ló kọ́ àwa ọmọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn wa ró lójú omi, a ò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n ti yọ ọwọ́. Ìyá mi a máa kùn nítorí ẹrẹ̀ tó ń bá wa wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n máa ń jẹ orí ẹja àrọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá wọn dù ú. Mi ò tí ì gbé nínú ilé tó láyọ̀ tó ilé wa ìgbà náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan nítòsí ilé là ń lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ̀mí gbé obìnrin aríran kan. Ó ń gbọ̀n, ó rìn gba apá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin títí ó fi dúró síwájú bàbá mi. Ó ní, "Arákùnrin, mo rí omi. Mo rí bàtà yín létí omi, mi ò rí ẹ̀yin." Ìyá mi káwọ́ lérí. Wòlíì ìjọ wa, àgbàlagbà kan tí ohùn wọn kì í ròkè, ní kí a fi àdúrà àti ààwẹ̀ dúró ti bàbá mi, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi gba ààwẹ̀ náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, tí Sátidé pé, wọ́n tún gbé àpò ìwọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ. Ìyá mi kọ̀ láti bá wọn lọ, wọn ò sì jẹ́ kí àwa ọmọ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi padà dé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi wọlé. Ẹrẹ̀ àbàtà ló gbé bàtà òjò wọn mì. Wọ́n fà á títí, kò wá, ni wọ́n bá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín ni bàbá mi ń rín bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀, tí wọ́n ń ṣàpèjúwe bí àwọn ṣe fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Wọn ò tí ì sọ ọ́ tán tí ìyá mi fi ṣubú lulẹ̀.

"Bàtà! Bàtà tí wọ́n rí nìyẹn o! Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni? Ẹ wojú àwọn ọmọ yìí, ẹ jàre!"

Ìyá mi fà wá lọ́wọ́, a kúnlẹ̀, a sì ń sunkún kíkankíkan láì mọ ohun tí à ń sunkún sí. Ojú bàbá mi yí padà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, nínú sùtánà, níwájú pẹpẹ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní dé odò náà mọ́, àwọn ò sì ní wọ igbó mọ́. Inú mi dùn gidigidi. Mo rò pé a ti gba bàbá wa lọ́wọ́ ikú nìyẹn.

Bàbá mi kì í yẹ àdéhùn. Ní àwọn Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n á máa tún àwọ̀n wọn ṣe. Nígbà tó yá, kò sí ojú àwọ̀n kankan tó tún fẹ́ àtúnṣe, wọ́n ká a, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi ń fi wọ́n yangàn láàárín àwọn obìnrin ìjọ pé, "Ọkọ tèmi ti ń jókòó sílé báyìí ṣá, ẹ bá mi dúpẹ́." Ẹran rọ́pò ẹja nínú ọbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ súfèé mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá onílé jà lórí gọ́tà, wọ́n ń bá èmi jà lórí bí mo ṣe ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń sùn lọ́sàn-án bí aláìsàn. Fẹ́sípà dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, adìẹ onílé ń sùn lórí rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí a ti wọ àwọn ọdún 1990 dáadáa, ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wọlé. Dókítà kan ní Ìkọ̀tún ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́. Wọ́n á rìn dé ojú títì, wọ́n á wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìgàndò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì yípadà wálé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀ tán, oòrùn sì yọ. Irú ọjọ́ tí ìgbín máa ń jáde ni. Bàbá mi dìde, wọ́n lọ síbi fèrèsé, wọ́n fa òórùn ilẹ̀ tútù símú, wọ́n sì ti fèrèsé náà pa, wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀. Ojú ìyá mi ló ṣe. Wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn, ilé wòlíì la gbà lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní kí wòlíì jọ̀ọ́, kí wọ́n bá àwọn tú ẹ̀jẹ́ náà.

Wòlíì dáhùn. "Ìyá, ẹ̀mí ní ká gbàdúrà ni, a sì gbà á. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́."

Ohùn wòlíì ò le rárá, ṣùgbọ́n mo rí bí ìyá mi ṣe di ẹsẹ̀ àga mú. Wòlíì gbàdúrà, wọ́n ní bàbá mi ti dòmìnira níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí à ń bọ̀, ìyá mi yà lọ sí ọjà Ìkọ̀tún, wọ́n ra bàtà òjò tuntun.

Ní Sátidé, ìyá mi gbé bàtà náà síwájú bàbá mi. "Bàbá wọn, wòlíì ti tú yín sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ, gbogbo wa." Bàbá mi ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà. "O ṣé, ìyá wọn," ni wọ́n wí. A wọ ọkọ̀ dé Ìgàndò. Oko ẹ̀gẹ́ ti di ilé àti ògiri búlọ́ọ̀kù, a rìn yí po kí a tó rí ibi tí a máa gbà, bàbá mi sì ń dúró mí léraléra. Ṣùgbọ́n odò náà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi, tí ohùn rẹ̀ ti ń ki nígbà náà, bọ́ sínú omi, ó ń pè pé, "Bàbá, kò jìn o! Ẹ máa bọ̀!" Bàbá mi dúró létí omi nínú bàtà tuntun. Wọ́n wá ọwọ́ ìyá mi, wọ́n dì í mú.

"Ìyá wọn, ẹ̀rù ń bà mí."

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Ìyá mi ní kò sí nǹkan kan, pé a ti gbàdúrà. Bàbá mi mi orí. "Mo mọ̀. Ẹ̀rù ṣá ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

A lọ sílé. Kí òjò ọdún tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ti kú, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, tí orí wọn wà lórí itan ìyá mi. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé kí a dúpẹ́, pé ilé ló kú sí, omi ò gbé e lọ.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìpájà ni ìyá mi ń gbé báyìí, orí wọn ti funfun. Ilé ti kún ẹ̀yìn Ìgàndò pátápátá. Ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ò tí ì kúrò lára mi, nítorí pé mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni ìran náà. Ó lè jẹ́ pé bàtà tó rì lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀, tó sì ti kọjá nígbà tí bàbá mi rẹ́rìn-ín wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé ká ní wọ́n tún padà lọ, odò ì bá gbé wọn lọ lọ́dún náà gan-an, à bá sì máa sọ dòní pé olórí kunkun ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi.

Láìpẹ́ yìí, a jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà, ni ìyá mi bi mí léèrè lójijì.

"Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ṣé o rò pé odò yẹn ì bá gbé wọn?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Èmi náà ò mọ̀." Wọ́n fẹ́ èèpo kúrò lójú atẹ. "Ṣùgbọ́n ọkọ tí mo fẹ́ kọ́ ni mo sin."

Wọ́n ní kí n bu ẹ̀wà sí i wá.