Yàrá Tó Mọ́

Mọ́tótó ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ilé ìtura ńlá kan ló ti ń tún yàrá ṣe láti ìgbà tó wà lọ́mọge títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ má fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń tún bẹ́ẹ̀dì àlejò ṣe ló mọ àṣírí ọmọ aráyé: ó mọ ẹni tó sunkún sùn, ó mọ ẹni tó mutí yó, ó sì mọ òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń yí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sódì fún àlejò tó ń bọ̀. Mọ́tótó kì í fi ìdí kan bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tirẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé etí fóòmù sókè wo abẹ́ rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í bínú. Ó ní ohun tí ojú òun ti rí, ojú tiwa kò rí i.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, awakọ̀ tírélà ni. Orí àga ọkọ̀ ló ń sùn sí, bí ooru bá mú, á tẹ́ páálí sábẹ́ tírélà. Ọ̀nà kan wà tó gba etí òkun kọjá tó máa ń gbà lọ gbà bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń pariwo lórí fóònù pé ẹrù òun dà, kò ráyè dúró níbẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wá bàjẹ́, tí dókítà ní kó máa jẹ ohunkóhun tó bá wù ú, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún.

“Mo fẹ́ sùn níbi tí mo ti lè la ojú rí òkun láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Apá wọn ò ká ilé ìtura ńlá, àwọn kéékèèké ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Wọ́n di ẹrù sínú mọ́tò wọn, Mọ́tótó di ìtọ́kọ̀ mú, ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́nà, ikọ́ ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tí òun yóò wà lójú ọ̀nà láìsí pé ẹnì kan ń retí ẹrù.

Ọ̀sán ni wọ́n dé ilé ìtura àkọ́kọ́. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé gan-an ni òkun wà, ó tẹ́ lọ salalu. Wọ́n fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ọkọ rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí fèrèsé, ìgbì ń ya wá, ó ń ya padà. Ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

“Mọ́tótó, ibí ti tó.”

Ṣùgbọ́n ìyàwó ti gbé etí fóòmù sókè. Àmì ẹ̀jẹ̀ wà káàkiri ojú rírán rẹ̀, ìdun sì ń rìn lọ níbẹ̀ jẹ́jẹ́ bí onílé.

“Ẹ dìde, bàbá wọn.”

“Nítorí ìdun? Èmi tí mo ti sùn lábẹ́ tírélà, kí ni ìdun fẹ́ rí mu lára mi mọ́?”

“Ara yín ò gba ìyà mọ́. Ẹ dìde.”

Onílé ìtura bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á pààrọ̀ fóòmù náà kíá. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Mọ́tótó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pípààrọ̀: fóòmù yàrá kejì ni wọ́n á gbé wá, wọ́n á gbé ti ibí lọ fún aláìmọ̀kan mìíràn. Ó fi àáké kọ́rí. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó sì mú un padà sínú mọ́tò. Ọkùnrin náà ń bojú wẹ̀yìn títí kọ́nà fi gba òkun mọ́ ọn lójú.

Ní ilé ìtura kejì, irun àlejò àná ṣì wà lórí ìrọ̀rí. Ní ìkẹta, ọ̀rinrin ti sọ ògiri bàlúwẹ̀ di dúdú, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti dá ikọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ń gba àlejò bi í bóyá yàrá ló wá gbà àbí ìjọba ló rán an wá yẹ ilé wò. Inú bí Mọ́tótó, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀ náà: ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wúlò fún un báyìí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó rò pé ẹ̀mí ọkọ òun lòun ń ṣọ́?

Ní ti ọkọ, kò bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó fi orí ti gíláàsì, ètè rẹ̀ ti ń dú. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá padà dé, ohun kan náà ló ń bi í.

“Ṣé a ó rí òkun níbẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ibi tó mọ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ló rí i, lẹ́yìn ilé epo kan, níbi tí ọ̀nà ti fi òkun sílẹ̀ pátápátá. Opó kan ló ni ín. Fóòmù mọ́ lókè, ó mọ́ nísàlẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun nini, òórùn ọṣẹ ló ń jáde lára rẹ̀. Mọ́tótó kúnlẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rí eruku. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó dìde ló tó fa kọ́tìnnì: ògiri ilé epo ló wà níbẹ̀, èèyàn lè na ọwọ́ kàn án.

Ó fa kọ́tìnnì náà padà. Ó gbé ọkọ rẹ̀ wọlé, ó nu ara fún un, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ṣí fèrèsé fún mi.”

“Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí ohun tó ṣeé rí. Tó bá di àárọ̀, mo máa gbé yín lọ sétí òkun.”

Ọkùnrin náà wo kọ́tìnnì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé wa ọkọ̀ kò ní ṣàìmọ apá ibi tí omi wà.

“Kò burú,” ló wí, ó sì pa ojú dé.

Kò rí àárọ̀ náà. Nígbà tí Mọ́tótó fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ti tutù. Ó jókòó tì í, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti rún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Opó tó ni ilé sáré wọlé, ó dì mọ́ ọn, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú.

“Ẹ mọ́kàn le, ìyá. Ó kéré tán, orí bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ ló sùn sí.”

Mọ́tótó wo bẹ́ẹ̀dì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ó mọ́,” ló dá a lóhùn. “Òkun ló ní òun fẹ́ rí.”