Ọmọbìnrin Tí Ó Ṣí Géètì Ọba Aràrá

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó níwájú kọ̀mpútà, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òórùn yàrá náà kò tíì kúrò ní imú mi: òórùn kẹ́míkà tí ó ti pẹ́ nínú ìgò, òórùn ike tí iná mànàmáná ti mú gbóná, àti ti gààrí tí àwọn ọmọ ń rẹ mu lábẹ́ tábìlì bí mo tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì rò pé ìbínú náà ti bá mi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò wa ló ni kọ̀mpútà náà. Òkè òkun ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbé e bọ̀ wálé ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì fojú kan irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Pátákó pẹlẹbẹ kan tí ó kún fún bọ́tìnnì ni, tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí rédíò kásẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Bí a bá ti tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, á máa han bí ewúrẹ́ tí wọ́n dì tọwọ́tẹsẹ̀, a ó sì jókòó pẹ́ títí kí ọ̀rọ̀ tó yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá lọ kí ó tó yọ, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà, olùkọ́ ìṣirò ní kí n máa wá ran ẹgbẹ́ kọ̀mpútà lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Eré náà kò ní àwòrán kankan. Arìnrìn-àjò ni ọ́, fìtílà wà lọ́rùn rẹ, idà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, o sì ń wá adé kan tí wọ́n jí gbé pa mọ́ sínú ihò àpáta. Ẹ̀rọ á sọ ibi tí o wà fún ọ, ìwọ náà á tẹ ohun tí o fẹ́ ṣe, ẹ̀rọ á sì dá ọ lóhùn. Àwọn ìdáhùn yẹn gan-an ló mú wa lẹ́rú, nítorí aláwàdà ni ẹni tó kọ wọ́n. Ọmọ kan tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ jẹ fìtílà. Ẹ̀rọ ní: “O bù ú jẹ. Kò dùn. Eyín rẹ kan ti bọ́.” Òmíràn bú dírágónì tí ó dènà. Ẹ̀rọ ní: “Ó dun dírágónì náà gidigidi. Ó lọ sunkún ní kọ̀rọ̀, ó nujú, ó padà wá, ó sì jẹ ọ́.” Bí mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ni wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Mo ti kọ́ni fún ọdún mélòó kan nígbà náà, n kò sì rí i kí àwọn ọmọ máa sáré ka èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá. Ọba àwọn aràrá jókòó sẹ́nu géètì irin kan, irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀. Ó hàn pé ẹ̀bùn ló ń retí, ife wúrà kan tí a ti rí lọ́nà sì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá fún un, èsì kan náà ni: “Ọba wo ọwọ́ rẹ, ó yínmú, ó sì sọ ife náà lù ọ́ lórí.” Àwọn ọmọ fọ ife náà, wọ́n pọn omi sínú rẹ̀, wọ́n kọrin fún ọba, wọ́n bá a jà, wọ́n sì kú. Olùkọ́ ìṣirò fúnra rẹ̀ kò kọjá níbẹ̀ láti ìgbà tó ti ra eré náà, kò sì fi pa mọ́ fún wa.

Ní sáà kejì ọdún yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó fún ilé-ìwé wa ní àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti wá kọ́ kọ̀mpútà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Kò sí ibòmíràn tí ọmọ tálákà ti lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Olùkọ́ ìṣirò dúró níwájú ẹgbẹ́, ó ní: “Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọba yìí kọjá ni mo máa rán lọ.” Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn sí i lórí kí ó tó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ó wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ti dàgbà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọkùnrin kì í sì í sábà jẹ́ kí ó dé ibi bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bí ọba ti tún sọ ife lù wá lórí, ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Ẹ sọ idà yẹn kalẹ̀ ná.”

Olórí ẹgbẹ́, ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí bọ́tìnnì, yíjú padà. “Kí dírágónì lè rí wa jẹ dáadáa, àbí?”

“Idà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Ọwọ́ wo la wá fi ń fún bàbá àgbàlagbà ní nǹkan? Ìyá mi àgbà kò ní gba omi lọ́wọ́ mi bí mo bá fi òsì gbé e, ká má tíì sọ ọba.”

Yàrá náà hó. Olórí ẹgbẹ́ ní: “Ìyá àgbà ti dé o! Ṣé ká dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n náà ni?”

“Ìwọ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Mà tó dúró lẹ́yìn rẹ ná,” ló fi dá a lóhùn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó sọ idà kalẹ̀. Ó fún ọba ní ife. A dúró. Ọ̀rọ̀ tuntun yọ: “Ọba gba ife náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní: Ó pẹ́ tí mo ti ń retí àlejò tí kò ní yọ idà sí mi. Géètì ṣí.” Ariwo tó sọ nínú yàrá yẹn, àwọn olùkọ́ tó ń lọ sílé padà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé idà ni òyìnbó tó kọ eré náà ní lọ́kàn, nígbà tí ọmọ wa ń ro ọ̀rọ̀ ọwọ́. Síbẹ̀, òun nìkan ló ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún gbogbo wa pé ọba wo ọwọ́ wa. Àwa ń wo ife. Bí èyí kì í bá ṣe làákàyè, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ní ìpéjọ àárọ̀, olùkọ́ ìṣirò kéde ẹni tó ń lọ sí Èkó. Olórí ẹgbẹ́ ni. Mo lọ bá olùkọ́ náà nínú yàrá àwọn olùkọ́.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Ta ló ṣí géètì yẹn?”

“Ẹ̀yin Mísíìsì, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi ṣí i, kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀mpútà. Ó kàn bọ́ sí i ni. Ṣé ẹ rí bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Bí ẹni tó ń ṣa èèpo kúrò nínú ẹ̀wà!”

“Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀, ṣé ẹ kọjá níbẹ̀?”

Ó rọra palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó ní: “Ọmọbìnrin ṣáà ni. Bí a bá kọ́ ọ tán, ilé ọkọ ló ń gbé e lọ.” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n fi eré ọmọdé sílẹ̀, kí n wá jẹ ẹ̀pà.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó gbọ́ mi tán, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. “Mísíìsì, eré ni. Ṣé torí eré ni olùkọ́ méjì yóò ṣe máa yan ara wọn lódì? Orúkọ ti dé Èkó.” Mo sọ fún un pé ìlérí kì í ṣe eré. Ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ níwájú tábìlì mi. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà nítorí mi mọ́. Àwọn ló ń kọ́ mi ní ìṣirò.” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń ṣírò ohun tí òdodo lè ná an. Kò wá sí ẹgbẹ́ kọ̀mpútà mọ́. N kò bínú sí ọmọkùnrin tó lọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun mọ̀ pé àyè òun kọ́. Àgbà ló gbé e fún un.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo yà ra oúnjẹ adìẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmúṣin, ìyá ṣọ́ọ̀bù sì kígbe, ó kúnlẹ̀. Òun ni. Ó ti ṣe dáadáa, mo dúpẹ́. Kọ̀mpútà wà lórí tábìlì rẹ̀, mo sì bi í bóyá òun ló ń lò ó.

“Èmi kẹ̀, Mà! Akọ̀wé mi ni. Ọpọlọ mi kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ tí o ṣí géètì ọba?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu orí tábìlì. “Ẹ ṣì rántí ìyẹn? Mo ṣèèṣì ni, Mà.”

Ìgbà yẹn ni ìbínú náà jí. Mo ti rò pé ìsinmi kan ní Èkó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n gba ohun tó ṣe pẹ̀lú, àti pé ó ti bá wọn gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo tún ìtàn náà sọ fún un ní kíkún, níwájú akọ̀wé rẹ̀, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, àti ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Bí ọmọ bá ṣe ohun kan, ẹ sọ fún un pé òun ló ṣe é, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíràn tó sọ òdìkejì rẹ̀ fún un.