Fódà Ìyá Kọ̀ǹpútà

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà nílé ìkàwé yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ìwé títò sórí pẹpẹ ni wọ́n gbà á fún nígbà tó wọṣẹ́. Ẹnu iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà bá a. Wọ́n kó wọn wá sí yàrá òkè, wọ́n tò wọ́n ti ògiri, wọ́n ní kó máa bójú tó wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi í bóyá ó fẹ́. Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti sú u.

Èyí tó sú u jù ni àwọn jọ́nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọdọọdún ni ilé ìkàwé ń sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ń gbé wọn jáde, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rí ìwádìí tuntun kà. Àmọ́ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti tún ìkànnì wọn ṣe, àwọn kọ̀ǹpútà yàrá òkè ò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ojú ìwé á funfun báláú, bí ìgbà tí wọ́n sá aṣọ ìbora sórí okùn. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á gun orí ara wọn, àtẹ tó yẹ kó wà láàárín á wọ́ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, àwòrán á sì di àpótí kékeré tí kò ní nǹkan kan nínú.

"Mà, tèmi tún ti funfun o."

"Mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde jù láàárọ̀ nìyẹn. Á fọwọ́ ti orókùn dìde, á lọ pa gbogbo ohun àtijọ́ tí ẹ̀rọ náà kó pamọ́ rẹ́, á tì í, á tún un ṣí. Ó máa ń gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí kò bá gbà ńkọ́? Àwọn èèyàn á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa pòṣé, wọ́n á máa wo aago, àfi bíi pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ọ̀rọ̀ inú jọ́nà kúrò.

Ibi tó ti wá ọ̀nà àbùjá nìyẹn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀ ṣì tuntun díẹ̀, ojú ìwé máa ń yọ lórí rẹ̀ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí jọ́nà níbẹ̀, á gba ẹ̀dà kan sílẹ̀, á sì fi í sínú fódà kan tí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá náà lè rí. Inú fódà náà ni kálukú ti ń kà á. Ẹ̀dà kan á tó odindi kíláàsì. Inú wọn dùn, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún un.

"Ọlọ́run á máa ṣílẹ̀kùn fún yín, bí ẹ ṣe ń ṣí jọ́nà fún wa." Agbẹ̀bí kan ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin onírìn kíákíá tó gbààyè nílé ìwòsàn kó lè wá kàwé sí i.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ṣe àmín. Ó tún jókòó, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀gá ilé ìkàwé ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ jọ́nà àwọn agbẹ̀bí ni. Ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí a ó sanwó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kà á."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀gá ń ṣàwàdà ni. "Àwọn agbẹ̀bí tó ń du àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lókè yẹn ńkọ́? Ṣé àga ni wọ́n wá ń kà?"

"Ilé iṣẹ́ tó ni jọ́nà ló ń ka iye àwọn tó ń wọlé sórí ìkànnì wọn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ti ọ̀dọ̀ wa wọlé."

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà fún un. Ó ro ọ̀rọ̀ fódà fún ọ̀gá látòkè délẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọ̀gá ń yí bírò láàárín ìka.

"Mo mọ̀ pé àánú wọn ló ṣe yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò lè ka ohun tó wà nínú fódà. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Tí àwọn èèyàn bá ti ń ṣí i fúnra wọn kó tó dìgbà náà, mo rí ohun tí màá sọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti lọ nìyẹn."

Tí jọ́nà yẹn bá lọ, àwọn agbẹ̀bí ò ní òmíràn níbẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà sí yàrá òkè, tó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò dáwọ́ dúró.

"Ìyá Ìbejì, ṣebí ìwọ lo ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni yóò tún dìde lọ sílé ìdáná?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

"Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ọkọ̀ kan wà tí mo ń wà nígbà kan, kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá tì í. Àwa náà ń tì í ni, a tì í títí ó fi di ara iṣẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó ṣí iwájú rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí a ṣí i, wáyà bátìrì kan báyìí ló tú."

Ó rò ó títí tó fi sùn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó fódà náà kúrò níbi tí wọ́n ti lè rí i. Agbẹ̀bí onírìn kíákíá ló kọ́kọ́ dé.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, mi ò rí fódà wa mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Fa àga yẹn sún mọ́ mi. Ojú ìkànnì gan-an la máa ṣí."

"Torí ìkànnì yẹn ni mo fi ń sá wá sọ́dọ̀ yín, mà."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Wọ́n ṣí i, ó funfun. Ìyá Kọ̀ǹpútà pa ohun àtijọ́ rẹ́, ó tì í, ó tún un ṣí. Ó ṣì funfun. Agbẹ̀bí mí kanlẹ̀, ó ní àwọn aboyún òun kì í pẹ́ tó báyìí. Ìyá Kọ̀ǹpútà ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ètò ẹ̀rọ aṣàwákiri tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì, ibi tí kò dé mọ́ láti ọdún gbọọrọ, ó ń kà á lẹ́sẹẹsẹ, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Ó rí i. Wọ́n ti fa àmì síwájú àṣẹ kan, pé kí ẹ̀rọ náà máa fi gbogbo ojú ìwé hàn bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n hàn láyé àtijọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àmì náà. Kátálọ́ọ̀gì tí ilé ìkàwé fi ń wá ìwé lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà ti gbó, kì í yọ dáadáa láìsí àṣẹ yẹn, ló bá fi í sórí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá òkè. Wọ́n ti kó kátálọ́ọ̀gì náà dànù tipẹ́. Àṣẹ ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ ohun tuntun gbogbo di àlòkù. Ìgbà tí wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dé, kátálọ́ọ̀gì yẹn ti kúrò nílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó bà á jẹ́?" agbẹ̀bí béèrè.

"Mo ti rí i. Èmi ni."

Ó pa àmì náà rẹ́. Ojú ìwé náà yọ, àtẹ wà láàárín, àwòrán ọmọ inú oyún sì hàn kedere. Agbẹ̀bí tẹ̀ síwájú, ó ti ń kàwé, kò rántí dúpẹ́.

Kọ̀ǹpútà yòókù pọ̀. Ó ń sún àga rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ẹ̀yìn ń dùn ún. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọlé ni wọ́n ń béèrè fódà, kò dá a padà. Àwọn kan bínú. Ọ̀kan ní àgbà ti dé sí i, kò fẹ́ wàhálà mọ́. Ó gbọ́, ó sì na ìka sí ibi tí wọ́n á tẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn. Fúnra rẹ ni kó o tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó tán, ọ̀gá gòkè wá bá a fúnra rẹ̀. Wọ́n á san owó jọ́nà àwọn agbẹ̀bí fún ọdún kan sí i. Tó bá di ìgbà náà, wọ́n á tún wo àwọn tó ń wọlé.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló wí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Ẹ fún mi láyè kí n sinmi díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀gá wo yàrá náà yíká, àwọn èèyàn kún inú rẹ̀. "Tí ẹ bá lọ, ta ni yóò máa ṣí jọ́nà fún wọn?"

"Àwọn náà ni," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.