Ojú Ogójì Lára Ògiri Kan

Ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó mọ àwòrán yà. Ọmọ èèyàn gan-an ni kò mọ̀ ọ́n wò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà nílé-ìwé kan náà, àwọn ọmọ sì ń pè é ní Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá báyìí: ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tó ṣófo láti oṣù tó kọjá. Ó tilẹ̀ ti yọ́ wọ ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Àgbàlagbà!

Àṣà wọn ni pé lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wọlé, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì tuntun á fi kíréyọ́ọ̀nù ya ojú ara rẹ̀ sórí páálí, á sì lẹ nǹkan tirẹ̀ mọ́ ọn: bọ́tìnì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ìyẹ́ adìyẹ, ohun tó bá ṣáà ti wù ú. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri, kí àwọn tí kò mọra wọn lè tibẹ̀ mọra. Ohun tó dára ni. Ẹni tó bà á jẹ́ là ń sọ yìí.

Lọ́dún yìí, ó gbọ́ pé màmá aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wá wo ògiri náà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó to àwòrán ogójì náà kalẹ̀, ó wò wọ́n títí, ó pòṣé. Imú wọ́. Etí kan ga ju èkejì lọ. Ọmọkùnrin kan ò ya eyín iwájú, nítorí kò ní in. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì, fi kíréyọ́ọ̀nù pupa ya àpá omi gbígbóná tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

“Kí ni gbogbo játijàti yìí?” ni Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì wí. “Ṣé èyí ni màá fi han àlejò?”

Ló bá yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn etí. Ó na imú, ó to eyín sẹ́nu ẹni tí kò ní, ó fi ọ̀dà olómi bo àpá ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Ó ká bọ́tìnì àti ìyẹ́ adìyẹ dà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ wà ní kíláàsì rẹ̀, kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Imú páálí ló ń tún ṣe. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tó ṣe tán, ojú ogójì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ ìyá kan náà, gbogbo wọn sì jọ ọ́. Kò tilẹ̀ rí i. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pinpin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn páálí ni orúkọ àwọn ọmọ wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aláyẹ̀wò dé, ọ̀gá ilé-ìwé tẹ̀ lé e. Màmá náà wo ògiri, ó mi orí bí ẹni tó wù. Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ti ń gbọ́ ìró àga lábẹ́ ìdí ara rẹ̀.

“Ó dáa gan-an,” ni màmá náà wí. “Ó yá, ẹ̀yin ọmọ mi, kí kálukú lọ dúró níbi tirẹ̀, kó sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wa.”

Àwọn ọmọ dìde. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n ń forí gbára wọn. Ọmọkùnrin tí kò léyín fi ahọ́n kan àlàfo ẹnu rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò dúró.

“Tèmi ò sí níbẹ̀, mà,” ni ó wí.

“Ẹ má dá wọn lóhùn, mà,” ni Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì sọ, òógùn ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ìtìjú ló ń ṣe wọ́n.”

Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ síbi ògiri. Ó fi èékánná họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán kan, kò rí nǹkan. Ó họ èkejì. Ó họ ẹ̀kẹta. Ọ̀dà olómi kì í lẹ̀ mọ́ kíréyọ́ọ̀nù, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ èyí. Olùkọ́ ọlọ́dún mọ́kàndínlógún ni kò rántí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Èyí ò tó ọjọ́ kan, èékánná ọmọdé ló gbà. Lórí ìkarùn-ún, ọ̀dà ṣí, pupa yọ.

“Èmi rèé, mà,” ni ọmọ náà wí.

Ni àwọn yòókù bá ya bo ògiri, kálukú ń họ, kálukú ń wá ara rẹ̀.

“Ẹ jáwọ́ o!” Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ń pariwo, ó na apá méjèèjì bo páálí. “Ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́!”

Aláyẹ̀wò rọra yíjú sí i. “Iṣẹ́ ta ni ẹ pè é, sà?”

Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ṣì na apá bo páálí. Lábẹ́ apá rẹ̀, ọmọbìnrin náà ṣì ń họ. Ó fẹ́ kí àpá náà hàn tán.