Ìjẹ́rìí tó ń dúró de èsì kejì

Ìyàwó mi kò ní jẹ́rìí mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Randburg, ní South Africa, lọ́la.

Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi wínníwínní láti ìsàlẹ̀ òkun Antarctica ló fi ń ṣe ìwádìí oyè dókítà rẹ̀. Ìwọ̀n ọ́síjìn tó wúwo sí èyí tó fúyẹ́ nínú wọn ló fi ń mọ bí omi ibẹ̀ ṣe tutù tó láyé àtijọ́. Èsì àkọ́kọ́ dára. Màmá mi ti sáré sọ fún wòlíì pé ó máa jẹ́rìí.

"Ìyá Tọ́lá, ìgbàgbọ́ ńkọ́?" Màmá bi í.

"Ó wà, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun bá ti ba ìkarahun yẹn jẹ́, èsì yẹn kì í ṣe òótọ́, irọ́ ni mo máa lọ pa níwájú pẹpẹ."

"Ṣé kí n sọ fún wòlíì pé ẹ̀rọ tó ń wọn ìkarahun ni Ọlọ́run ń dúró dè?"

"Èmi ni mò ń dúró, mà."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yìn ta lẹ wà? Wọ́n ń wọn ìkarahun mìíràn lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá èsì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Èsì rẹ̀ kò tíì dé.