Ọwọ́ tí Sìmẹ́ńtì Jẹ

Nígbà tí Islamiat Májẹ́kódùnmí sọ pé iṣẹ́ lílẹ táìsì lòun fẹ́ kọ́, bàbá rẹ̀ ní Ṣakí bi í bóyá ọkùnrin ti tán nílùú ni. Kò bá a jiyàn. Ó wá sí Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́, ó gba fírídọ̀mù, àwọn méjèèjì sì tún jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà. Ilẹ̀ tí Islamiat bá lẹ táìsì sí, omi kì í dúró lójú kan níbẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tó ń fà. Ó ní ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò dé, kò lọ. Àárín ìka rẹ̀ pọ́n, awọ ibẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, orí ìka rẹ̀ sì sán. Tó bá ń ṣe àlùwàlá, omi á ta á bí ẹni fi ata wẹ̀ ẹ́. Ìpara tó ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Ó tún wá ń fọ ọwọ́ sí i. Kẹrosíìnì ló fi ń yọ sìmẹ́ńtì, á wá fi ọṣẹ ìfọṣọ àti kànìnkàn bó o. Ó ra ìpara ní kẹ́mísì. Ó tù ú fún ọjọ́ mẹ́rin, bó ṣe dá a dúró báyìí, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ra òmíràn, ó tún ra ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ kan, táìsì funfun kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ orí ìka rẹ̀ sì wà lára èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ wò ó títí.

"Islamiat, awọ obìnrin ò lè gbé iṣẹ́ yìí. Lọ wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Ẹ má bínú sà," ló fèsì. "Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ mi, èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná."

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agbowó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì Oyèṣọlá, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò níwájú lẹ́yìn. Ó bi í léèrè ohun tó fi ń fọ̀ ọ́ àti ohun tó fi ń pa á. Islamiat kó ìpara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú báàgì.

"Sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ara," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Òkè awọ ló ń sé omi ara mọ́ inú, òun náà ló ń lé ohun búburú síta. Tìrẹ ti ya. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń ta ọ́."

"Bí ìgbà tí gíráòtì bá jábọ́ láàárín táìsì."

"Mi ò mọ gíráòtì, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohun tó ń dí àlàfo ni, bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Kí ni kí n wá fi kún un mà?"

"Má fi nǹkan kan kún un. Yíyọ ni kó o máa yọ kúrò."

Kò sí kẹrosíìnì mọ́, kò sí kànìnkàn, kó sì sọ ìpara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òórùn fọ ọwọ́, kó rọra fi aṣọ tẹ omi ara rẹ̀ kúrò, kó sì fi fásìlíìnì pa á kó tó gbẹ tán. Kó má fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí kò bá san, kó padà wá kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Islamiat bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun máa wọn ilẹ̀, kóun sì máa fa ìlà. Ó gbà, àmọ́ tìkọ̀tìkọ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ náà yún un débi pé ó ṣí ọ̀kan nínú ìpara tó yẹ kó ti sọ nù. Ó dì í mú fúngbà díẹ̀, ó sì dìde, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà sí ṣáláńgá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́ tán kó tó rántí pé omi ò ta òun. Ó tún bu omi sí i láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tó padà sídìí sìmẹ́ńtì, ó wọ ìbọ̀wọ́ òwú sínú, ó wọ ti rọ́bà gígùn sórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní dókítà. Ooru mú un, iṣẹ́ rẹ̀ sì falẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò bọ́ ọ, àfi tí sìmẹ́ńtì bá wọnú rẹ̀, á sì fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Àtàńpàkò ọ̀tún rẹ̀ ṣì máa ń sán díẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé. Ìyókù ti jinná.

Lóṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, Ọ̀gá Ikúbọlájẹ́ na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú, èyí tó ti sán láti ọdún pípẹ́ wá.

"Níbo lo ti ra ìbọ̀wọ́ yẹn?"

"Dùgbẹ̀ ni, sà." Islamiat fa téèpù yọ lápò. "Ẹ jẹ́ kí n wọn tiyín."