Apẹ̀rẹ̀ Òfìfo Méje

Bí mo bá gbóòórùn edé gbígbẹ àti bẹntiróòlù pa pọ̀ títí dòní, ara mi á yá gágá bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni èbúté wa ní Zion Pepe ṣe ń rùn láàárọ̀ tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Bàbá Olú bá fẹ́ ṣí lọ sí Ìgbòkòdá. Ìye mi, ìyẹn ìyá tó bí mi, ló ń ta edé; Bàbá Olú ló ń bá a gbé e.

Àdéhùn wọn kò ní ìwé. Àyè apẹ̀rẹ̀ méje, láti iwájú ọkọ̀ dé àárín, ti Ìye ni lọ́jọ́ ọjà gbogbo, owó kan náà, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Bí edé pọ̀ bí yanrìn, Bàbá Olú kò ní fowó kún un. Bí kò sì sí rárá, Ìye á san án bákan náà, á to apẹ̀rẹ̀ òfìfo sí àyè rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé àyè náà ní olówó orí. "Ẹyin lohùn," ni Ìye máa ń wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́."

Èmi ni mo ń ru òfìfo yẹn o! Lórí afárá pákó, lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n á máa bi mí pé: "Kí lo fẹ́ lọ tà, afẹ́fẹ́?" Ojú á tì mí bí ẹni pé kí omi gbé mi lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan tí ara Ìye kò yá, tó ní kí n dá lọ, mo ti gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ilé wa, láàárín àwọn òpó tó gbé e ró lórí omi, mo sì parọ́ pé mo ti jíṣẹ́.

Àfi bí edé ṣe ya dé kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé! Kò sílé tí kò rí i. A ń yan án, a ń fẹ́ ẹ, a ń kọrin. Ilé ìwé girama tí mo fẹ́ wọ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ méje yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé èbúté, ẹrù ìyá oníṣòwò kan láti Molútẹ̀hìn ti kún àyè wa. Ìlọ́po méjì owó ló fẹ́ san. "Àyè tó ṣófo lọ́jà tó kọjá," ó ní, "ta ló ni ín?"

Ìye yíjú sí mi.

Bàbá Olú bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó nawọ́ sí mi. "Ọma yìí ló kó apẹ̀rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ilé, mo rí i láti ojú omi. Àyè òfìfo ni mo gbé dé Ìgbòkòdá lọ́jọ́ náà, mi ò fi ẹrù ẹnikẹ́ni sí i. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó tiyín kúrò."

Mo pariwo ayọ̀! Ìye gbá mi létí, ó sì tún fà mí mọ́ra. Títí tí a fi dé ọjà ni inú mi ń dùn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń dùn mí.

Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé ẹja mi láti Ìgbòkòdá lọ sí Ìbàdàn, lọ́yà ló sì kọ àdéhùn èmi àti ọlọ́kọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja kò sí. Mo ní kí akọ̀wé mi kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ sí àyè wa nínú ọkọ̀. Ọkùnrin tó ti níyàwó nílé yìí, ojú ń tì í láti rù ú gba àárín ọjà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e rù. Àwọn ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.